Bí Aṣọ Ẹ̀ṣọ́ Ṣe Di ti Kọngílá Kan Ṣoṣo: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Iléṣà

Ilé-iṣẹ́ sìkiọ́rítì kan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Iléṣà ni ọ́fíìsì wọn wà. Ẹ̀ṣọ́ wọn lé ní 300, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ilé-ìwé, ilé epo, ilé ìtajà àti ilé àwọn olówó, láti Iléṣà dé Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ télọ̀ kankan, torí gbogbo wọn ṣì ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ yẹ bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan wò: ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń rà á, èló ni, irú ìwé wo ni wọ́n fi dè é. Ọ̀gá Àgbà wọn ránṣẹ́ pè mí ní ìparí ọdún 2023. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi sọ pé, "Ẹ bá mi lé ọkùnrin yìí."

Kọngílá tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún wọn ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ti gbìyànjú láti lé e kí n tó dé, kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà lágídí. Wọn ò rí ẹni tí yóò bọ́ sí ipò rẹ̀ ni.

Márùn-ún ni wọ́n tẹ́lẹ̀

Ṣáájú ọdún 2020, télọ̀ márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń rán ṣòkòtò, ìkẹta ń rán ẹ̀wù òjò àti jákẹ́ẹ̀tì tó máa ń tàn lálẹ́, ìkẹrin ń tún èyí tó bá ya ṣe. Ìkarùn-ún, ìyá kan ní ọ̀nà Ìmọ̀, ló ní ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sára àpò àyà àti fìlà. Gbogbo wọn ló ní ọmọ iṣẹ́.

Ètò náà kò dán rárá. Ṣẹ́ẹ̀tì lè dé lónìí kí ṣòkòtò ṣì wà lọ́hùn-ún. Búlúù ẹni kan máa ń ṣú ju ti ẹnì kejì lọ. Ìyá tó ń bójú tó stóà ní láti máa pe nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn kí ẹ̀ṣọ́ tuntun kan tó rí aṣọ wọ̀. Mo rí ìwé stóà ọdún 2019. Pípa-rẹ́ àti títún-kọ ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò ní bá Ọ̀gá Àgbà jà pé wọ́n fẹ́ àtúnṣe.

Kòrónà ló wá fi ipá mú àtúnṣe náà wá. Àwọn ilé-ìwé tì pa, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá Àgbà pe àwọn télọ̀ márààrún sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé mínírà àti mítípáì síwájú wọn, wọ́n ní, "Owó tó kù yìí kò lè bọ́ ẹ̀yin márààrún mọ́. Ẹ lọ rò ó láàrin ara yín. Ẹni tó bá kù ni màá máa bá ṣe."

Ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, nídìí oúnjẹ náà sì ni. Lọ́dún 1993, nígbà tí ìfigagbága àwọn àti Sófíẹ́ẹ̀tì ti parí, Les Aspin tó jẹ́ olórí ètò ààbò wọn pe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ohun ìjà wá jẹun alẹ́ ní Pentagon, olú ilé-iṣẹ́ ológun wọn. William Perry, igbákejì rẹ̀, ló là á mọ́lẹ̀ fún wọn: owó tí ìjọba ń ná sórí ohun ìjà máa dín kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní lè dá dúró. Norman Augustine ti ilé-iṣẹ́ Martin Marietta wà níbẹ̀. Òun ló fún alẹ́ ọjọ́ náà lórúkọ Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn, bíi ti Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ràn. Northrop ra Grumman lọ́dún 1994. Martin Marietta àti Lockheed di ọ̀kan lọ́dún 1995. Boeing ra McDonnell Douglas lọ́dún 1997. Ní 1998 tí Lockheed Martin tún fẹ́ gbé Northrop Grumman mì, ìjọba yẹn kan náà ló sáré gba ilé-ẹjọ́ lọ láti dá a dúró. Ìròyìn tí Pentagon fúnra wọn gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé àwọn kọngílá ńlá 51 tó wà ní àwọn ọdún 1990 ti di 5, àwọn tó ń ṣe mísáìlì ojú ogun sì ti di 3 láti orí 13. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbẹ́yìn: British Aerospace àti Marconi Electronic Systems para pọ̀ di BAE Systems lọ́dún 1999, ọwọ́ rẹ̀ nìkan sì ni kíkọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń lo agbára núkílíà wà, ní Barrow.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè rí ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu. Nílé wọn àti nílé wa, oníbàárà ni.

Ẹni tó lè dúró de owó

Kí ọdún 2021 tó parí, ẹnì kan ló kù. Oníṣẹ́ẹ̀tì ni. Oníṣòkòtò àti ẹni tó ń tún aṣọ ṣe lọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń rán ẹ̀wù òjò gba POS, ó ní òun ò fọwọ́ kan maṣíìnì mọ́. Ìyá ọ̀nà Ìmọ̀ ta ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù fún oníṣẹ́ẹ̀tì yìí kan náà, wọ́n wá ń rán ankárá òde.

Ọ̀gá Àgbà gbà pé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ló borí. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ lóòótọ́, ó ní maṣíìnì wífìn méjì, ó sì ní ínfátà tí iná bá lọ. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé ìsanwó, nǹkan mìíràn ni mo rí. Iṣẹ́ tí wọ́n jíṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta, oṣù kẹjọ ni wọ́n san owó rẹ̀. Ti oṣù karùn-ún di oṣù kọkànlá. Télọ̀ tó bá fẹ́ bá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lè fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ àti òwú, kó san owó àwọn ọmọ, kó wá jókòó. Oníṣẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta aṣọ ní Balógun l'Ékòó tó ń fún un ní àwìn. Àwọn mẹ́rin yòókù ò ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kó tètè mọ èyí. Àwọn baba wa tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, tí wọ́n ń kó aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwìn ni wọ́n fi ń ta ọjà, wọ́n á sì padà wá lóṣòó dè é títí owó á fi jáde. Ẹni tó lè fúnni ní àwìn ló ni oníbàárà.

Mo lọ bá ìyá ọ̀nà Ìmọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ta ẹ̀rọ. Wọn ò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń lẹ̀.

"Ọmọ mi, owó mi tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn lè ra irú ẹ̀rọ yẹn mìíràn. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi, ojú ẹsẹ̀ ló kà á fún mi. Ta ni kí n tà á fún?"

Ọ̀rọ̀ yìí yí iṣẹ́ tí mo wá ṣe padà. Mo ti ń gbé kọngílá yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oníbàárà yẹ̀ wò.

Ọdún tó dùn, àti èyí tó tẹ̀ lé e

Mi ò ní pẹ́ lórí ọdún kìíní. Ó dùn. Ìpè kan, ìwé owó kan, búlúù kan. Iye owó tilẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá pe Ọ̀gá Àgbà wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi lọ́dún 2022, wọn ì bá yin ètò náà, wọn ò sì ní í purọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Aṣọ gbówó lórí, epo jẹnẹrétọ̀ gbówó lórí, kọngílá sì mú iye tuntun wá. Kò sẹ́ni tó bá a jà pé ó fi owó kún un. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè sọ bóyá iye tó fi kún un tọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ márùn-ún, ìyá stóà á kàn pe ẹlòmíràn, wọ́n á mọ iye ọjà lójú ẹsẹ̀. Nísinsìnyí, iye tí ọkùnrin náà bá pè ni iye ọjà.

Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé nínú oṣù kẹsàn-án, kọngílá gba yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan mọ́ ọn. Àwọn òbí ń san owó lọ́wọ́, ẹ ò lè bá a wí. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ sìkiọ́rítì yìí rí iṣẹ́ tuntun ní ilé epo kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù pé, aṣọ kò jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ dúró lẹ́nu géètì: ẹnì kan wọ póló, ẹnì kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó ti ya àmì rẹ̀ kúrò, tí ojú ibi tí wọ́n ti tú òwú náà ṣì hàn gbangba. Onílé epo pe Ọ̀gá Àgbà lórí fóònù kí ọjọ́ tó kanrí. Ó béèrè bóyá ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n kó wá àbí àwọn tó wá ra epo.

Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ fi bá kọngílá jà, lẹ́tà tó le, tí agbẹjọ́rò wò. Wọ́n ní ó kà á tán, ó ká a, ó sì dáhùn pé, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá máa rán an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, kí n lè kó aṣọ tó wà nílẹ̀ fún un." Kò sí ẹni náà, ó sì mọ̀.

Wọ́n wá ra èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ l'Ékòó. Nínú ọ́fíìsì, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ méjì dúró nínú oòrùn ni wọ́n rí i pé búlúù kan ń fà sí àlùkò. Oníbàárà kan béèrè bóyá wọ́n ti para pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ bá aránṣọ kan ní Ilé-Ifẹ̀, obìnrin tó mọṣẹ́ dáadáa. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń tú ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan palẹ̀ kó lè rí bí wọ́n ṣe gé e. Ó fi bíléèdì tú ojú ìrán díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ apá sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n, ó sì mi orí. Aṣọ náà ti sún kì látinú fífọ̀. Apá ọ̀tún gùn ju ti òsì. Èyí tó bá gé látara rẹ̀ kò ní bá ti Iléṣà mu láéláé. Ó ní, "Mà, ẹ lọ gba pátánù wá."

Pátánù, ìyẹn àwòṣe tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wà ní ṣọ́ọ̀bù kọngílá. Bébà àpò símẹ́ńtì ni, gbogbo ìwọ̀n aṣọ látorí kékeré dé orí ńlá, ihò kan lókè, ó so wọ́n kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ ló sọ irú àpò àti kọ́là tí àwọn fẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ pé tiwọn ni pátánù. Ọkùnrin náà ní bébà òun ni, síṣọ́ọ̀sì òun ló gé e. Ohun tó ká Amẹ́ríkà mọ́ lórí ọkọ̀ òfurufú F-35 nìyí: wọ́n ra ọkọ̀ lọ́wọ́ Lockheed Martin láì gba gbogbo ìwé ìmọ̀ tí ẹlòmíràn fi lè tún un ṣe, ìnáwó àtúnṣe sì di ohun tí wọ́n ń bá kọngílá náà fà títí di òní.

Lílé e ná wa ju kíkó o mọ́ra lọ

Mo jókòó pẹ̀lú akọ̀wé owó wọn, a ṣírò lílé. Aṣọ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Owó rẹ̀ náà wà lọ́rùn wọn. Tí wọ́n bá yí télọ̀ padà, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ fún lẹ́ẹ̀kan náà, kí búlúù lè bára mu. A rò ó títí, lílé ọkùnrin náà wọ́n ju fífi í sílẹ̀. Mo sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé kì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí: lọ́dún 2010, David Cameron fẹ́ dín ìnáwó kù, ó sì ní láti sọ fún ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé fífagi lé ọkọ̀ ogun kejì tó ń gbé bàálù máa ná wọn ju kíkọ́ ọ lọ, nítorí àdéhùn tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ní ó dáa, kí àwọn dá ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tiwọn sílẹ̀. Èrò yìí wọ́pọ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1964 nígbà tí wọ́n dá DICON sílẹ̀ ní Kàdúná láti máa ṣe ìbọn àti ọta fún ológun. Lọ́dún 2023 ni wọ́n ṣe òfin tuntun tó ṣí i sílẹ̀ láti bá àwọn oníṣẹ́ àdáni dòwò pọ̀. Mo ní kí wọ́n rántí pé ṣọ́ọ̀bù tiwọn náà, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni.

Ohun tí a ṣe kò ga. A pe kọngílá, mo sì bẹ Ọ̀gá Àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ máa san gbogbo gbèsè rẹ̀, wọ́n á sì máa san owó láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ láti ìsinsìnyí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Mo wá ní a fẹ́ ra pátánù. Ó kọ̀. Ó kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ló yanjú rẹ̀. Ohun tó mú un gbà ni ìwé tó fi iṣẹ́ ọdún méjì dá a lójú, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo aṣọ. Ó da pátánù kọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà kan wà ní stóà báyìí nínú ike, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Ìdá kan tó kù lọ sọ́dọ̀ obìnrin Ilé-Ifẹ̀. Iye tí ó gbà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ju ti Iléṣà lọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Ọ̀gá Àgbà bínú: "Ṣé kí n máa sanwó jù fún ohun tí mo lè rí ní pọ́ọ́kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 1984, ọ̀rọ̀ ti sú ológun òfurufú Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Pratt & Whitney lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ogun F-16, wọ́n bá pín iṣẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e sí méjì, wọ́n fún General Electric ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n sì fi Pratt & Whitney sílẹ̀ pẹ̀lú ìyókù dípò kí wọ́n lé e dànù. Owó tí èèyàn fi ń tọ́jú ẹnì kejì kì í ṣe owó aṣọ. Owó ọ̀nà kejì ni, kí ọ̀kan má bàa dí mọ́ èèyàn. Àwọn tó mọ ìtàn Kírìjì mọ̀ ọ́n: Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì-Parapọ̀ tó wà l'Ékòó ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Aṣọ fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ń rà á báyìí. Ìyá stóà ló ń lọ Balógun, wọ́n ń ra àwọ̀ kan náà ní òdiwọ̀n ńlá, télọ̀ méjèèjì sì ń gba ọ̀pá wọn ní stóà pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Nítorí bẹ́ẹ̀, tí iye bá yí padà, iye iṣẹ́ ọwọ́ àti epo nìkan ló kù láti jiyàn lé lórí, kọngílá sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin irú èyí lọ́dún 2014: wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń yẹ ìwé ìnáwó àwọn kọngílá ológun tí kò ní abánidíje wò. Tí ẹ kò bá lè rí ẹlòmíràn, ẹ rí inú ìwé.

Ohun tí kò yanjú

Kọngílá ò tún pẹ́ aṣọ mọ́. Láti ìgbà tí Ifẹ̀ ti kó iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá lásìkò ni tiẹ̀ náà ti ń yá. Àmọ́ obìnrin Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàrin ọdún. Ìdá kan nínú mẹ́rin kò tó bọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì. Ilé-iṣẹ́ ní láti fi títún aṣọ tó ya ṣe kún un fún un, wọ́n sì ṣe é tìkanratìkanra. Ẹ̀yin tó ń ra nǹkan fún ilé-iṣẹ́, ẹ kíyè sí ibẹ̀ gan-an: ẹnì kejì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó jẹ, orúkọ lásán ni.

Ẹni tó lọ ṣe POS kò padà. Mo bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọwọ́ òun ti le. Bó ṣe ń rí nìyẹn pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine lọ́dún 2022 tí Amẹ́ríkà tún nílò mísáìlì Stinger, tí wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti rà gbẹ̀yìn, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Raytheon ní àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kan kò sí lọ́jà mọ́, àwọn ní láti tún un yà. Nítorí náà, ìgbà tí márùn-ún ń di ẹyọ kan ni kí ẹ béèrè ibi tí àwọn mẹ́rin ń lọ. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá nílò wọn. Ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ oníbàárà báyìí, kí n tó gbọ́ ẹ̀sùn kankan nípa kọngílá, ni ìwé ọjọ́ tí iṣẹ́ dé àti ọjọ́ tí owó jáde.

Mọ́nógíráàmù ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà nìkan. Kò sí àmì tó ń gun àyà ẹ̀ṣọ́ kankan, ì báà jẹ́ aṣọ Ifẹ̀, tí kò gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, iye tó ń gbà lórí rẹ̀ sì ti lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí a ti fọwọ́ sí ìwé. Ìyá ọ̀nà Ìmọ̀ ti béèrè iye ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n ní àwọn yóò rà á tí ilé-iṣẹ́ bá san ìdajì sílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní àwọn ń rò ó.